Ẹ̀wù Ọ̀gá àti Àfòpiná Inú Ìféfé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí àga ọlá, ẹ jókòó, ẹ sì fẹ̀yìn ti nǹkan tó lágbára. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà fún Àjọ Tó Ń Bójú Tó Irà. Iṣẹ́ àjọ náà kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irà ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn, kí ẹnikẹ́ni má da pàǹtí sí i, kí omi rẹ̀ má gbẹ, kí ìféfé inú rẹ̀ sì máa hù. Iṣẹ́ tí géètì kan àti ajá kan ìbá ṣe láìgba owó oṣù nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀gá wa yìí ti dé ipò, kò fi ẹsẹ̀ kan irà náà rí. Ó ní ẹrẹ̀ kò mọ ẹni ńlá yàtọ̀.

Kò-Sírú-Mi ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó bá a dá a lábàá. Ó kọ ọ́ sára géètì, ó kọ ọ́ sára táńkì omi, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo àga tí àlejò ń jókòó lé, débi pé ẹni tó bá wọ aṣọ funfun wá kí i yóò gbé orúkọ rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ sí igun irà tó jìnnà jù, ó ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sára òkúta mábù, kí wọ́n sì mọ ọ́n mọ́ iwájú rẹ̀: ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ KÒ-SÍRÚ-MI. Ó gé ríbọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi kanrí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní bùkátà gidi nínú ilé náà ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkúta yìí sọ́kàn.

Nǹkan kan tún wà tó fẹ́ràn bí orúkọ rẹ̀, ẹ̀wù kan ni. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó pupa, ó nípọn bí búláńkẹ́ẹ̀tì, òwú aláwọ̀ wúrà sì ni wọ́n fi ṣe ọrùn àti etí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí ipò. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wù ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì wà lọ́rùn ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá a sóòrùn, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbọn ọ́n, nítorí ó ní ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn àgbà?

Akọ̀wé rẹ̀ ló wá gbé èyí tó burú jù dé. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe akọ̀wé yìí, nítorí pé ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í ní nǹkan. Ó ní kò dára kí ọ̀gá má sí níjòkòó kí ọ́fíìsì sì wà láìní ẹni tí a ń kí. Láti ìgbà náà, bí ọ̀gá bá rìnrìn àjò, ẹni tó bá wọlé yóò dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù, yóò tẹríba, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bẹ́ẹ̀-ni-sà yóò gba ẹnu ẹ̀wù dáhùn pé, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́." Mo mọ̀ pé ẹ rò pé mò ń parọ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tí wọ́n fi sí iṣẹ́ fífọ géètì nítorí pé ó kí ẹ̀wù láìṣí fìlà.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í kí ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni, ọmọ ìyá rẹ̀ lóbìnrin, ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ń kọ́ni nípa kòkòrò ní yunifásítì. Kò ní sùúrù, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìgò kéékèèké máa ń dún wọnran-wọnran nínú báàgì rẹ̀ níbikíbi tó bá ń lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Ìyá Onígò. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá nígbà tó ń yọ eyín ni obìnrin yìí sì ń pè é níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Kékeré! Mo ti rí i o!" Báyìí ló ṣe já wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀gá Àgbà wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti gbọ́, ó wá ń wo àjà bí ẹni tí àjà jẹ lówó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ́fíìsì la wà."

"Mo mọ̀, mo rí tábìlì. Wo èyí."

Ó gbé ìgò kan kalẹ̀. Àfòpiná kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti kú, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti koríko gbígbẹ, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín ìyẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá bà lé orí ìféfé, ẹ lè fi ọwọ́ kàn án kí ẹ má mọ̀ pé ẹ̀dá ni.

"Ìgbà òjò tó kọjá ni mo mú un," Ìyá Onígò wí. "Mo ti wo gbogbo èyí tó wà ní yunifásítì. Mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa àfòpiná. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣì í pè, mo rò pé èyí tó ń jẹ ìrèké ni, ojú tì mí gan-an. Kì í ṣe òun. Kò sí ibi tí wọ́n ti rí irú èyí rí, kò sì tíì lórúkọ."

Nígbà tó dárúkọ orúkọ, etí ọ̀gá gbéra sókè.

"Ẹ ní kò tíì lórúkọ?"

"Èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ kọ́ nìyẹn! Gbọ́ mi dáadáa, Kékeré. Akọ lèyí. Mo rò pé abo rẹ̀ kì í fò, nítorí mo rí òkú ọ̀kan, ìyẹ́ rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ibi tó bá ti jáde lórí ìféfé náà ni yóò yé ẹyin sí. Ìdin rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọnú ọ̀pá ìféfé, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun. Bí ìféfé bá wá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ọ̀pá gbígbẹ yẹn náà ni yóò sùn sí títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ìféfé gbígbẹ tí ò ń wò bíi pàǹtí lójú fèrèsé yìí, ọmọ ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, ó parí nìyẹn. Kò ní ibòmíràn láti lọ."

Ó jókòó, ó fa àga mọ́ tábìlì, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ni kì í jẹ́ kó sùn. Mínísítà fẹ́ da iyanrìn sí irà náà, kó sọ ọ́ di ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò máa gúnlẹ̀ sí. Òfin sì wí pé bí ẹ̀dá kan bá ń gbé níbì kan tí kò sí níbòmíràn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Àfòpiná tó wà nínú ìgò yìí ni nǹkan kan ṣoṣo tó lè gba irà sílẹ̀. Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fọwọ́ sí orúkọ kòkòrò gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i láàyè, níbi tó ń gbé.

"Nítorí náà, sùúrù," ẹ̀gbọ́n wí. "Kí a ṣáà dé òjò àkọ́rọ̀. Má gé nǹkan kan, má kọ́ nǹkan kan, má sì sọ̀rọ̀ níbì kankan."

Bó ṣe dìde ni ojú rẹ̀ lọ sára kọ́bọ́ọ̀dù. Kòkòrò wínníwínní kan ń rìn lórí gíláàsì láti inú, ó ń dán bí èèpo ọkà. Ìyá Onígò sún mọ́ ọn, ó fẹnu ṣe ṣìọ̀.

"Èyí kì í ṣe ti irà o. Irun àgùntàn lèyí ń jẹ. Sá ẹ̀wù yìí sóòrùn lónìí."

"Ẹ̀wù mi kì í jáde láìsí èmi, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ jọ jáde nígbà náà, kí ẹ jọ sá ara yín."

Ó lọ, ìgò rẹ̀ ń dún wọnran-wọnran. Ọ̀gá kò gbọ́ ti ìféfé, kò gbọ́ ti ẹ̀wù. Ohun tó wọ̀ ọ́ létí kò ju pé nǹkan kan wà láyé yìí tó ní ìyẹ́, tí wọn kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kejì ó pe ìpàdé. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé àfòpiná tuntun ti yọjú ní ilẹ̀ tí òun ń ṣàkóso, pé ohun tó sì fà á ni ìṣàkóso òun. Ó ní kòkòrò gbọ́n, kò jẹ́ yọjú lábẹ́ ọ̀gá tí kò dáa. Ó ní Àfòpiná Kò-Sírú-Mi ni yóò máa jẹ́ títí ayé, àti pé ọmọ ilé ìwé tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní yege. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ tí ọkàn wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ oúnjẹ ọ̀sán.

"A ó ṣe ìsọlórúkọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ni ó wí. "Mínísítà ń bọ̀. Mo gbọ́ pé kí òjò tó dé ni wọ́n máa yan Olórí Gbogbo Irà Orílẹ̀-èdè. Mi ò sọ pé èmi ni. Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́."

"Ẹ̀yin ni, sà!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà pariwo.

Obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó àjọ na ọwọ́ sókè. Ó ní òun gbọ́ pé àfòpiná yìí kì í jáde títí òjò yóò fi rọ̀.

Ọ̀gá fara balẹ̀ wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe é. "Ṣé kòkòrò ló máa wá yan ọjọ́ fún Mínísítà?"

"Ó tì o, sà!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà fò dìde. "Àfojúdi gbáà nìyẹn jẹ́!"

Wọ́n bá kọ pátákó, wọ́n rì í mọ́ etí irà: GBOGBO ÀFÒPINÁ GBỌ́DỌ̀ PÉSẸ̀ NÍ ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́BỌ̀. A KÒ NÍ GBA ÀWÁWÍ. Nígbà tí ẹnìkan tún béèrè pé bí wọn kò bá mọ̀wé kà ńkọ́, ọ̀gá ní kí Bẹ́ẹ̀-ni-sà mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó kà á sí wọn létí. Akọ̀wé dúró létí irà, ó kà á ní àkàtúnkà. Ọ̀pọ̀lọ́ kan dáhùn láàrin ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀-ni-sà sáré padà wá jíṣẹ́: "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, sà."

Ó kù ká wo bí ibi àpèjẹ yóò ṣe rí. Ọ̀gá dúró lójú fèrèsé, ó sì wo irà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìféfé gbígbẹ ló kún ibẹ̀, ó dúró gbọnrangandan, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó sì ń dún ṣìn-ìn. Ojú ọ̀gá fà ro.

"Ṣé ìdọ̀tí yìí ni Mínísítà máa wò?"

Lójijì ojú rẹ̀ tàn. Nǹkan kan ti wọ orí náà, ibẹ̀ sì tutù fún un, nítorí kò bá ẹnikẹ́ni nílé.

"Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Kí ni àfòpiná fẹ́ràn jù láyé?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbójú sókè wo àjà. Ó mọ̀ ọ́n, ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ mọ nǹkan ṣáájú ọ̀gá.

"Iná!" ọ̀gá wí. "Ẹ gé gbogbo ìféfé gbígbẹ yìí, ẹ kó o jọ gègèrè sí iwájú àga Mínísítà, kí ẹ dáná sun ún. Ibẹ̀ á mọ́, àfòpiná á sì rí iná, wọ́n á tú jáde wá bá mi. Ọgbọ́n kan, iṣẹ́ méjì."

Akọ̀wé fa áńkáṣífì yọ, ó nu ojú rẹ̀ nítorí ọgbọ́n tó pọ̀ jù. Ojú náà gbẹ bí àwo, àmọ́ áńkáṣífì kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wí. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ. Etí méjèèjì wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lè búra.

Kí ẹ̀gbọ́n má baà dí iṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá rán an lọ mú Ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti ìlú rẹ̀. Ó sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kàn fẹ́ wá wo irà kí òjò tó dé ni. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀ kó tó lọ. Kò tíì jáde nílùú tí àdá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn agéko gé e láti etí géètì títí dé òdì kejì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí omi ẹ̀gbin ń sun wọnú irà, Bẹ́ẹ̀-ni-sà béèrè bóyá kí wọ́n gé ibẹ̀ náà, kí òkúta mábù lè hàn. Ọ̀gá ronú gan-an. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára.

"Mo fẹ́ràn òkúta yẹn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n Mínísítà kò gbọdọ̀ rántí ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tó bá ń wò mí. Ẹ fi ìféfé ibẹ̀ sílẹ̀, kó bo ilé náà."

Ọjọ́bọ̀ dé. Wọ́n to àga, wọ́n ta ìbòrí, wọ́n sì na kápẹ́ẹ̀tì pupa lé ẹrẹ̀ gbígbẹ. Mínísítà dé, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti orúkọ ọ̀gá. Òkìtì ìféfé ga tó ilé. Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí wọ́n ṣáná sí i, ó sì gbá ràú, ọ̀pá ìféfé ń bú táú-táú nínú rẹ̀.

Àkókò yẹn ni mọ́tò Ìyá Onígò wọlé. Bàbá arúgbó kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló bá a wá. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, Bàbá Onídígí ni wọ́n ń pè é, nítorí dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá tó máa ń so mọ́ ọrùn. Obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó wo irà. Ilẹ̀ lásán ló rí, kùkùté ìféfé ló kù. Ó wá rí iná.

Ó pariwo, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó sáré sí iná náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, àfìgbà tí awakọ̀ tó ń fọ géètì dì í mú láti ẹ̀yìn.

"Kékeré, kí lo ṣe? Kí lo ṣe yìí?"

Àbúrò rẹ̀ rọra sọ ọ́ sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ ìdílé wa la ń gbé ga."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọjú sí iná. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà bọ́ sórí pèpéle. "Ẹ dìde fún Kò-Sírú-Mi! Ọ̀gá tó rẹ́rìn-ín tí irà gba omi! Ọ̀gá tó wúkọ́ tí ẹja mọ̀nà ilé! Ọ̀gá tí ẹ̀wù rẹ̀ nìkan tó ọ̀gá mẹ́ta!" Ọ̀gá, tó ti wọlé lọ múra, jáde síta nínú ẹ̀wù pupa náà, kọ́là rẹ̀ dé etí, ooru iná kọjú sí i. Láti ọjọ́ tó ti dé ipò ni ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ kan ẹ̀wù náà. Ó ń yún un lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọlá ló ń yún òun.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n," ni ó bẹ̀rẹ̀, "kí n tó dé, irà yìí kì í ṣe irà. Omi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwà. Èmi ni mo pàṣẹ, tí ẹrẹ̀ fi rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ̀dá kan tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ayé kò rí rí ń bọ̀ wá júbà ẹni tó ni í!"

Wọ́n dúró. Èéfín ló wá. Mínísítà wúkọ́, gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e wá sì wúkọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ipò kálukú. Àfòpiná kankan kò yọjú. Ọ̀gá tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ iná, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì fi gbogbo agbára gbọ̀n wọ́n.

"Mo ní kí ẹ jáde!"

Wọ́n jáde lóòótọ́. Abẹ́ apá rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Wọ́n ti ọrùn rẹ̀ jáde, wọ́n ti ìdí ẹ̀wù jáde, àfòpiná wínníwínní tó ń dán, wọ́n ń tú yẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú iná. Àwọn ènìyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀-ni-sà kúnlẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, ó kàn rí i pé wọ́n yí òun ká. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ wò wọ́n! Wọ́n mọ̀ mí!"

Bàbá Onídígí ti dìde. Ó fi ìgò mú ọ̀kan lára apá ọ̀gá, ó gbé dígí sójú, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Àfòpiná ni," bàbá wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Mo sì mọ orúkọ rẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá!" Ọ̀gá na apá sí i.

"Ajẹ̀wù ni. Ó wà níbi gbogbo láyé. Ó wà nínú àpótí ìyàwó mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ẹ̀yìn padà díẹ̀, nítorí iṣẹ́ wa ni pé kí a wo ibi tí kòkòrò ń gbé."

Kí ọ̀gá tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, bàbá ti fi ìka méjì gbé etí ẹ̀wù náà. Ó já lọ́wọ́ rẹ̀. Apá òsì bọ́ sílẹ̀ gbìì. Ẹ̀yìn ẹ̀wù ti rí bí àwọ̀n, ìdin funfun ń rákò nínú kọ́là. Gbogbo rẹ̀ wá yẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku ọ̀gá nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìyẹn náà.

"Ibùgbé rẹ̀," Bàbá Onídígí wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé, "abẹ́ apá ọ̀gá."

Ẹ̀rín bú. Mínísítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Àwọn agéko rẹ́rìn-ín, awakọ̀ jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kódà mo rí Bẹ́ẹ̀-ni-sà tó fi áńkáṣífì bo ẹnu, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn tí áńkáṣífì náà rí iṣẹ́ gidi ṣe.

"Ó dáa, ó dáa," Mínísítà nu ojú. "Èyí tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí wá ńkọ́? Èyí tí kò sí níbòmíràn?"

Ìyá Onígò dìde. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Iná rẹ̀ lẹ ń yá yìí, Mínísítà."

"Kí lẹ wí?"

"Inú ìféfé yẹn ni wọ́n wà. Wọ́n ń sùn ni. Wọ́n ń dúró de òjò." Ó nawọ́ sí òkìtì iná náà. "Abo wọn kò tiẹ̀ lè fò, ká ní wọ́n jí."

Ẹ̀rín gé bí okùn. Àwọn tó jókòó níwájú gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò nídìí iná. Ìféfé kan tún bú táú, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú obìnrin náà.

Mínísítà kì í ṣe ènìyàn dáadáa, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí wọ́n sọ òun di òmùgọ̀ níwájú ènìyàn. Lójú ẹsẹ̀ ló yọ Kò-Sírú-Mi nípò. Ó kọjú sí Ìyá Onígò. "Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ẹ fi àfòpiná yìí hàn mí láàyè, irà di tiyín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn ń bọ̀." Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn dípò ọ̀gá. Ẹni náà gbé kóòtù òjò rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà wọlé, ó rí kóòtù náà, ó tẹríba fún un: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Wọ́n gba ilé ìjọba lọ́wọ́ Kò-Sírú-Mi, àwọn tó ń kí ẹ̀wù rẹ̀ kò sì kí òun mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kó lọ. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó gbé oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni òun àti Bàbá Onídígí ń rìn káàkiri irà tó ti di kùkùté, wọ́n ń tẹ̀ ba, wọ́n ń wo. Wọn kò rí nǹkan kan, àyàfi lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí ìféfé díẹ̀ ṣì dúró nínú omi ẹ̀gbin. Bàbá gbé dígí sára ọ̀pá kan. Ihò róbótó wínní kan tí ìdin gbẹ́ wà lára rẹ̀. Obìnrin náà di imú mú, ó tún bú sẹ́kún.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó kún fún iyanrìn ti tò sí etí géètì, Mínísítà sì jókòó nínú mọ́tò nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n yí gíláàsì sókè nítorí òórùn. Nǹkan kan yọ orí nínú ìféfé. Ó fà jáde díẹ̀díẹ̀, ó rí wúruwùru, ìyẹ́ rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ó gun orí ọ̀pá náà, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́, akọ kan tó ní ilà dúdú láàrin ìyẹ́ gba inú òórùn náà fò wá, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Onídígí ní kí Mínísítà sọ̀kalẹ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀. Mínísítà sọ̀kalẹ̀, ó fi fìlà bo imú, ó wò ó. Àwọn ọkọ̀ iyanrìn padà.

Àfòpiná Ìféfé ni ẹ̀gbọ́n sọ ọ́, kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni kún un. Nígbà tí ìwé tí wọ́n fi ń kéde kòkòrò tuntun fún gbogbo ayé jáde, ó mú un wálé. Àbúrò rẹ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré, "kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ìyẹn lọ́rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n máa dá a lóhùn láti ọjọ́ iná. Ó ṣí ìwé, ó kà á: "Àfòpiná Ìféfé. Inú ọ̀pá ìféfé gbígbẹ ló ń gbé. Ibi kan ṣoṣo tí a mọ̀ láyé pé ó wà ni ẹ̀yìn Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Kò-Sírú-Mi, níbi tí omi ẹ̀gbin ti ń sun jáde."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó, ó ń retí pé ojú yóò tì í, pé yóò bẹ òun, pé yóò tiẹ̀ sunkún nítorí àwọn tó jóná.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, ojú rẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀, "ṣé lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́?"

Ìyá Onígò pa ìwé náà dé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde lọ wo àwọn tó kù.